Kọ̀ǹpútà Sún, Katakata Hú Pẹ̀rẹ́gún Yín

Bàbá mi tí mo ń fojú wá lóko títí dòní,

Mo kí yín o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kì í jẹ́ kí n tètè dìde mọ́. Rìsíkátù, ọmọbìnrin mi tí ẹ máa ń gbé sórí itan kí ẹ tó lọ, ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀, torí ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin àti èmi, a ò mọ̀wé. Ó ní kí n jókòó kí n sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀rùn. Mi ò jókòó. Mo ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àmù, mo tún ń padà bọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ń sá mọ́ òun lọ́wọ́. Kó máa lé e. Ohun tó wà nínú mi yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jókòó sọ.

Bàbá, katakata ti hú pẹ̀rẹ́gún ààlà wa.

Mo ti sọ ọ́. Láti ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́ fún yín. Mo lọ sídìí sàréè yín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ṣe àdúà, mo fọwọ́ gbá ewé kúrò lórí rẹ̀, mo dìde, mi ò lè lanu sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ohun tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi láti máa ṣọ́, mo wà láàyè, ojú mi ríran, ó sì lọ?

Pẹ̀rẹ́gún tí ẹ̀yin àti bàbá Làmídì jọ gbìn ni mo ń wí, láti etí odò títí dé ọ̀nà Alajue. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń gbé igi rẹ̀ tẹ̀lé yín. Ẹ ń fi àdá gé e lábala lábala, bàbá Làmídì ń gbẹ́ ihò, ẹ ń kì í bọ inú ihò, lẹ́yìn náà ẹ̀yin méjèèjì á wá jọ fẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ tiyín lápá ìhín, ẹsẹ̀ tirẹ̀ lápá ọ̀hún. Ẹ ní pẹ̀rẹ́gún tí ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo bá tẹ̀, ẹni yẹn nìkan ni yóò máa jẹ́rìí fún. Mo rántí. Mo sì rántí pé títí ẹ fi darúgbó, bí ẹ bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ Làmídì kọjá lọ sódò, ẹ máa kọ́kọ́ dúró lórí ààlà, ẹ máa gbọn ọkọ́ yín, ẹ máa nu àtẹ́lẹsẹ̀ yín mọ́ koríko, kí iyẹ̀pẹ̀ wa má bàa bá yín lọ sílẹ̀ onílẹ̀, kí tonílẹ̀ má sì bá yín bọ̀. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́? Èmi ni. Làmídì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá rí i tí mo ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí bí mo bá kàn ní katakata hú u, ẹ máa rò pé mo sùn ni.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní katakata kan. Ẹyọ kan náà ni gbogbo wa ń pín lò, láti ìhín títí dé ẹ̀bá Awo. Tẹ́lẹ̀, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti ń ṣú, a máa lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà níwájú ọ́fíìsì ẹgbẹ́, nínú ìlú Ẹdẹ níhìn-ín. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló máa sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Bí wọ́n bá pe ẹnì kan wọlé, gbogbo wa á sún ìdí síwájú. Ìdí wa ni ìwé wa. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́, wàá fi fìlà rẹ síbi tí o jókòó sí, kò sì sí ẹni tó máa jókòó lé fìlà àgbàlagbà.

Wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì yẹn kúrò. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ mọ tẹlifíṣọ̀n. Ó fi ojú jọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ wa ló ń hàn nínú rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, fọ́tò kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ katakata á tẹ nọ́ńbà ẹgbẹ́ lórí fóònù rẹ̀ láti oko, orúkọ rẹ̀ á sì já wọ inú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Sikirat, ọmọ káfíńtà àdúgbò wa, ló jókòó tì í. Ọmọ gidi ni. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, kódà nígbà tí mo bá ń bú u lọ́wọ́.

Mi ò mọ orúkọ mi kà, ṣùgbọ́n mo mọ ojú mi. Mo máa ń lọ síbẹ̀ lọ wo ara mi. Màá rí ara mi níbẹ̀, mi ò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, mo dé fìlà aláwọ̀ ewé mi. Bí mo bá ṣe ń wò ó lọ́wọ́, màá kàn rí i pé mo já wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan ló tún tẹ fóònù lóko ibì kan, fọ́tò rẹ̀ ti bọ́ sókè, gbogbo àwa tó kù sì ti sún lọ sísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo pariwo mọ́ Sikirat:

“Sikirat, ta ló ń tì mí lọ sísàlẹ̀?”

“Bàbá, kò sẹ́ni tó ń tì yín. Ìsàlẹ̀ yẹn ni iwájú. Ẹni tuntun ló ń wà lókè.”

“Níbo láyé ni ìsàlẹ̀ ti di iwájú?”

“Bàbá, ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ dì sínú apẹ̀rẹ̀, ṣé òkè ló máa wà?”

Làmídì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ Làmídì, ẹ mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí láti kékeré. Orí àga tó jókòó sí ló ti dá sí i.

“Má da ara rẹ láàmú, Sikirat. Bí ẹ bá gbé ọkùnrin yìí gun ẹṣin, á ní ẹ gbé ilẹ̀ jìnnà sóun.”

“Làmídì, èmi àti ìwọ kọ́ là ń sọ̀rọ̀.”

“Alágídí, ọmọ Alágídí!”

Ẹ̀yin ló bú yẹn o, Bàbá. Mo dá a padà fún un dáadáa, ṣùgbọ́n Rìsíkátù ní òun ò ní kọ ohun tí mo sọ.

Wàhálà ibẹ̀ gan-an kì í ṣe òkè tàbí ìsàlẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò dúró. Orúkọ wa pọ̀ ju ohun tí ojú kọ̀ǹpútà lè gbà lẹ́ẹ̀kan lọ, torí náà Sikirat gbọ́dọ̀ máa yí i lọ sísàlẹ̀, kó máa yí i, kó máa yí i, títí á fi kan ẹni tó kàn. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó ń ka orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹnì kan bá tún tẹ fóònù, gbogbo rẹ̀ á fò. Nígbà mìíràn á gbé e padà sókè pátápátá, á tún bẹ̀rẹ̀ sí yí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, tí gbogbo oko ń tẹ fóònù, ó máa ń dà bí ẹni tó ń pọn omi sínú agbọ̀n. Mo rí i tó fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ orúkọ kan mọ́ ojú ẹ̀rọ náà, bí ẹni tó di ewúrẹ́ mú lẹ́sẹ̀. Ìka dúró, orúkọ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ọkọ́ yín. Bí oòrùn bá ń wọ̀ tí ẹ ò tíì kọ ebè tán, ẹ ò ní gbé ọkọ́ wálé bí àwọn yòókù. Ẹ máa gún un sórí ebè tí ẹ kọ gbẹ̀yìn, ẹ máa fọwọ́ gbá a lérùkù bí ẹni ń sọ fún ọmọ pé ó dàárọ̀, a ó sì máa lọ. Ní ìdájí, ẹ ò ní wá ibi tí ẹ dé. Ẹ máa gba ọ̀dọ̀ ọkọ́ lọ tààrà. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi rò pé ọkọ́ yẹn ló ń di ibẹ̀ mú dè yín. Kì í ṣe ọkọ́, Bàbá. Ilẹ̀ ni kì í lọ. Ilẹ̀ tó bá ń lọ, kí ni ọkọ́ fẹ́ ṣe sí i?

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ ti dẹ̀. Èmi ni katakata kàn. Mo wà nísàlẹ̀ pátápátá, Làmídì wà lórí mi. Sikirat ti yí i dé ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń tì kiri lórí tábìlì, tí wọ́n ń pè ní máòsì. Ẹni tó bá fi máòsì yẹn tọ́ka sí, bó bá tẹ̀ ẹ́, fọ́tò ẹni náà ló máa lọ bá dẹ́rẹ́bà katakata nínú fóònù, pẹ̀lú ọ̀nà tó lọ sóko rẹ̀. Mo dúró tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lórí. “Èmi nìyẹn! Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́ kó tó sá!” Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ẹnì kan tẹ fóònù lóko ibì kan. Ó sún. Sikirat tẹ̀ ẹ́.

Orí Làmídì ló ti tẹ̀ ẹ́. Èmi ti bọ́ sísàlẹ̀, Làmídì ti bọ́ sípò mi.

Ẹ máa bi mí pé ojú mi ńkọ́. Ojú mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ya wá ní fọ́tò, Làmídì kò dé fìlà wá, orí rẹ̀ ń dán, ojú ń tì í, ló bá ní kí n yá òun ní tèmi. Mo yá a. Fìlà kan náà ló wà lórí àwa méjèèjì, irùngbọ̀n funfun kan náà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lára ohun tí kò ju èékánná lọ, ta ló máa mọ̀ wá yàtọ̀? Rìsíkátù ní kí n gbà pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀ díẹ̀. Mi ò gbà. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

“Ó ti lọ, Bàbá. Ẹ máa lọ sóko,” ni Sikirat wí. Inú mi dùn. Ẹ mọ̀ pé láàárín àwa tí a jọ pààlà lọ́hùn-ún, katakata kì í wọlẹ̀ láìjẹ́ pé onílẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ dúró lórí ààlà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lódò. Làmídì náà wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, mo ní kó jẹ́ ká lọ. Ó ní òun fẹ́ ya ilé lọ fi nǹkan sẹ́nu. Mo fi í sílẹ̀, ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀kadà gùn, oòrùn ti ń rẹlẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ ohùn katakata láti òkèèrè. Mo ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọlọ́kadà. Mo tún ń sọ fún un pé ilẹ̀ mi ni wọ́n ń tú yẹn. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ Làmídì ni mo rí tí inú rẹ̀ ti yọ síta, pupa, láti etí odò dé ọ̀nà. Ilẹ̀ tèmi náà ti fara pa léteetí. Láàárín méjèèjì, kò sí nǹkan kan. Bàbá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Múfú lorúkọ dẹ́rẹ́bà náà. Kì í ṣe ọmọ ibí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Mo dúró síwájú katakata, mo na ọwọ́ méjèèjì.

“Ta ló ní kí o wá síbí?”

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ ni? Fọ́tò yín nìyí nínú fóònù mi.”

Mo gba fóònù. Làmídì ló ń wò mí láti abẹ́ fìlà mi.

“Fìlà mi nìyẹn! Kì í ṣe orí mi!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Bàbá. Mo pe nọ́ńbà náà títí, wọn ò gbé e. Mi ò rí ààlà kankan. Kùkùté dúdú dúdú ni mo rí, mo rò pé igi tí iná jó ni.”

Òótọ́ ló sọ. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá, ó ti jó ewé pẹ̀rẹ́gún kanlẹ̀, ó ku ìdí rẹ̀ tó dúdú bí èédú. Fóònù Làmídì sì wà nílé, ó ń gba iná mànàmáná. Mo fẹ́ lu Múfú. Mi ò lù ú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tú iyẹ̀pẹ̀, mo ń ṣa ègé pẹ̀rẹ́gún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣa àfọ́kù àwo ìyá rẹ̀. Katakata ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó ti fọ́n ọn ká ilẹ̀ méjèèjì.

Làmídì dé, ó ṣì ń fi igi tayín. Nígbà tó rí i, ó ju igi náà nù. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró tì mí, ó ní:

“Kò burú. A máa tún un gbìn. Ibi tó gbà kò ṣókùnkùn sí wa. Ó kàn gba ìhín òkìtì ọ̀gán yìí ni.”

“Ìhín kẹ̀? Ọ̀hún ló gbà.”

“Ìhín ni.”

“Làmídì, èmi ni mo gbé igi rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín!”

“Èmi náà ni mo gbé omi mímu tẹ̀lé bàbá mi lọ́jọ́ yẹn. Ìhín.”

Ẹ mọ òkìtì ọ̀gán náà, nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti ń dagun. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni ibẹ̀ ti di igbó, ejò pọ̀ níbẹ̀, àwa méjèèjì máa ń yà á sílẹ̀ ni. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ẹnikẹ́ni ti rí pẹ̀rẹ́gún tó wà nínú igbó yẹn. Iná ló wá fọ ibẹ̀ mọ́, ló bá di pé ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó lọ́ràá, ata máa ṣe dáadáa níbẹ̀. Bí ààlà bá gba ìhín, lápá ilẹ̀ tèmi, Làmídì ló ni òkìtì náà. Bó bá gba ọ̀hún, èmi ni mo ni ín.

Kì í ṣe nítorí ata, Bàbá. Ẹ gbà mí gbọ́. Ata mélòó ni mo tún fẹ́ gbìn láyé? Àwọn ọmọ ni. Lọ́jọ́ kejì ni àkọ́bí mi ti pè láti Ìbàdàn, ó ń pariwo lórí fóònù pé ká pe àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ọmọ Làmídì náà pè é láti Èkó, òun ní ká wá agbẹjọ́rò. Àwọn méjèèjì yìí jọ máa ń lúwẹ̀ẹ́ lódò yẹn ni. Kò sí èyí tó mọ ibi tí ààlà gbà nínú wọn, ọwọ́ wa ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ, ohun tí a sì ń sọ fún wọn kò dọ́gba. Bí èmi àti Làmídì bá kú báyìí, kí ni a fi sílẹ̀ fún wọn? Ìhín àti ọ̀hún. Wọ́n á máa fi í bá ara wọn jà títí àwọn náà á fi darúgbó.

Mi ò kí Làmídì mọ́. Òun náà kò kí mi. Ní mọ́sálásí, bí mo bá wà ní sáàfù iwájú, á lọ dúró lẹ́yìn. Mo máa ń lọ sídìí òkìtì yẹn, màá dúró, màá di ojú, màá máa wá ọjọ́ tí ẹ gbìn ín nínú orí mi. Mo rí àdá yín. Mo rí òrùka ọwọ́ yín tó ń tàn nínú oòrùn. Mo rí ara mi tí igi ń gún mi léjìká. Níbo ni ẹ dúró sí, Bàbá? Ṣé òkìtì náà wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín ni, àbí òsì? Ẹ máa ń fi ẹ̀yìn ọkọ́ họ ọrùn bí mo bá bi yín ní ohun tí ẹ ò fẹ́ dáhùn. Ṣé ẹ ṣì ń họ ọ́ níbẹ̀ yẹn?

Lẹ́yìn náà ni òjò wá rọ̀ gan-an. Ẹ mọ pẹ̀rẹ́gún, kì í kú. Gbogbo ègé tí katakata fọ́n ká, gbogbo rẹ̀ ló hù. Ó hù níhìn-ín, ó hù lọ́hùn-ún, ó hù láàárín ilẹ̀ Làmídì, ó hù létí ọ̀nà. Ibi gbogbo di ààlà. Bí mo bá dúró níbì kan, màá rí ìlà kan tó gba ọ̀hún bí mo ṣe wí. Bí mo bá sún díẹ̀, màá rí òmíràn tó gba ìhín bí Làmídì ṣe wí. Orí mi ń yí. Àfi bí ojú kọ̀ǹpútà yẹn.

Mo gba ọ̀dọ̀ Sikirat lọ láti lọ da ìbínú mi sí i lára. Mo bá ọkùnrin tó ṣe ìlànà kọ̀ǹpútà náà níbẹ̀, Òṣogbo ló ti wá. Sikirat kò lè wo ojú mi. Ó ti sunkún nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi. Wọ́n fi ohun tí wọ́n ṣe hàn mí. Báyìí, bí Sikirat bá ti ń ka àwọn orúkọ, kò sí èyí tó máa sún. Ẹni tuntun tó bá dé á dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, àmì kékeré kan ló máa hàn lókè pé ẹnì kan wà níta. Nígbà tó bá wu Sikirat ló máa ṣí i fún un. Kódà bó bá ṣí i, ẹni tó ń wò tẹ́lẹ̀ kò ní kúrò níwájú rẹ̀.

“Ṣé ó ṣòro láti ṣe ni?” ni mo bi ọkùnrin náà.

“Rárá, Bàbá. Iṣẹ́ kékeré ni.”

“Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kékeré, kí ló dé tó fi ń dúró de pẹ̀rẹ́gún bàbá mi?”

Ó ní Sikirat ti sọ fún òun tẹ́lẹ̀ pé ó ń fò, òun rò pé ojú ló kàn ń rẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ mí. Inú mi kò tíì rọ̀ títí di báyìí, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n tún mi yà ní fọ́tò. Mo ṣí fìlà. Kí ayé rí orí mi bó ṣe rí.

Ó ku ohun tó jẹ́ kí n máa rìn kiri inú ilé láti ìgbà tí mo ti dé láti oko.

Àárọ̀ yìí ni mo dá lọ sóko. Màá sọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe, torí ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ lọ fa gbogbo pẹ̀rẹ́gún tó hù níhìn-ín òkìtì tu, kó lè ku tọ̀hún nìkan. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo fa ọ̀kan, ó wá, gbòǹgbò rẹ̀ kò ju irun lọ. Mo fa òmíràn, ó tẹ̀lé mi bí èfọ́. Mo fa èyí tó tẹ̀lé e, kò wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, mo fà á, ewé rẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ kò mì. Mo fi ìka wa ìdí rẹ̀. Mo bá kùkùté dúdú níbẹ̀, ojú ibi tí irin katakata ti gé e ṣì wà lára rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú, ó ki bí ọrùn ọwọ́ mi, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ, mi ò rí òpin rẹ̀.

“Olè ààlà! Ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́ lónìí!”

Làmídì ni. Mi ò dìde.

“Làmídì, wá fà á.”

“Kí n fa kí ni?”

“Mo ní wá fà á.”

Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, eegun rẹ̀ ń ké. Ó fà á. Ó tún fà á. Ó wò mí.

“Kò wá.”

“Kò wá,” ni èmi náà wí.

A dìde, a jọ lọ sí ọ̀hún òkìtì, sídìí èyí tí mo ti ń tọ́ka sí láti ọjọ́ yìí wá. Ìka méjì ni mo fi fà á. Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Làmídì ìbá rẹ́rìn-ín. Ká ní èmi ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí ìrọ̀lẹ́. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ìhín ni,” ni mo wí. Ó korò lẹ́nu mi bí ewúro.

“Ìhín ni. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ máa gbin ata sídìí òkìtì yẹn, gbìn ín.”

“Mi ò fẹ́.”

“Alágídí, ọmọ Alágídí.”

Bàbá, mi ò dá a padà lọ́tẹ̀ yìí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ti bàbá mi títí, ó kọ̀.

A bẹ̀rẹ̀ láti etí odò, a ń bọ̀ sókè, èmi lápá ìhín, òun lápá ọ̀hún. Èyí tó bá tẹ̀lé ọwọ́ wa, àlejò ni, a jù ú nù. Èyí tó bá kọ̀, a dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, a kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó, a jọ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A ò tíì dé ọ̀nà tí ẹ̀yìn fi ń ro àwa méjèèjì. A máa parí rẹ̀ lọ́la, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Bí Iléyá bá dé, mo fẹ́ kí àkọ́bí mi àti ọmọ Làmídì wá fi ẹsẹ̀ tiwọn náà tẹ̀ ẹ́. Ṣé wọ́n máa wá? Ṣé wọ́n máa bọ́ bàtà? Mi ò mọ̀. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú tí mi ò fi lè jókòó. Ilẹ̀ mi fúnra rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ láìtú, mo ṣì wà nísàlẹ̀ pátápátá lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ń pè ní iwájú, mo ṣí orí sílẹ̀, mo ń retí Múfú.

Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé lónìí, mo gba orí ilẹ̀ Làmídì, torí ọ̀nà ibẹ̀ ló yá jù. Mo dúró lórí ààlà. Mo gbọn ọkọ́ mi. Mo nu àtẹ́lẹsẹ̀ mi mọ́ koríko. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, Làmídì náà ń nu tirẹ̀.

Ọlọ́hun kó máa tẹ́ ilẹ̀ yín dáadáa níbi tí ẹ wà, ilẹ̀ tí kì í sún.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
alágídí tí agídí yín borí.